Mẹ́kúrì, Irin Olómi: Ewu tí ó Fara Sin nínú Ọṣẹ àti Ìpara Abóra



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ òní kì í ṣe irú èyí tí ẹ máa ń gbọ́ láti orí àga ìwàásù. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù ni, ọ̀rọ̀ bí a ti ń wẹ̀ àti bí a ti ń para ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé ara tí Ẹlẹ́dàá fi fún wa kì í ṣe ohun ìṣeré, àti nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni ó ń fi owó ara wọn ra àìsàn wọ ilé láìmọ̀, a rí i pé kò yẹ kí àwa tí a pè ní olùṣọ́ àgùntàn dákẹ́. Ẹni tí ó rí ejò nínú koríko tí kò ké, ẹ̀bi rẹ̀ kò kéré sí ti ejò náà.

Bí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ láti òkè Mapó, tí ó gba ọ̀nà Ọjà'ba, yóò rí àwọn tí ń ta ewé àti egbò, àti àwọn tí ń ta ọṣẹ dúdú, òrí, àdí àti osùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń tà wọ́n láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, yóò rí ìgbá mìíràn tí a to ìgò, agolo àti ike kéékèèké sí. Àwòrán obìnrin tí ara rẹ̀ pupa rokoṣo ni ó wà lára púpọ̀ nínú wọn. Àwọn kan kò tilẹ̀ ní orúkọ: ẹni tí ń tà wọ́n ni ó pò wọ́n fúnra rẹ̀, tí ó sì bù wọ́n sínú ike. Bákan náà ni ó rí ní Bẹẹrẹ, bákan náà ni ó rí ní Beyerunka. Ìlérí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń ṣe: pé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni dúdú yóò di ẹni pupa. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ní májèlé tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń rà á kò lè fi ojú lásán mọ èyí tí ó ní i yàtọ̀ sí èyí tí kò ní i. Orúkọ májèlé náà ni mẹ́kúrì.

I. Kí ni mẹ́kúrì?

Mẹ́kúrì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn irin tí ó wà nínú ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òjé, bàbà àti wúrà. Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí gbogbo wọn ní ọ̀nà kan: kì í sábà dì. Nínú ooru ojoojúmọ́ tí ó ń yọ́ òrí, tí irin yòókù sì wà gbọnin, omi ni mẹ́kúrì ń jẹ́. Ó ń dán bí fàdákà, ó sì ń yí gbirigbiri bí ìrì lórí ewé kókò. Ó wúwo gidigidi: bí omi tí ó kún ìgò kan bá wúwo kílò kan, mẹ́kúrì tí ó kún ìgò kan náà yóò ju kílò 13 lọ. Àwọn tí wọ́n ti dàgbà nínú wa ti rí i nínú gíláàsì tín-ín-rín tí nọ́ọ̀sì máa ń ki bọ abẹ́ ahọ́n láti fi wọn ooru ara.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń gbà wá bá wa. Èkínní ni mẹ́kúrì gẹ́gẹ́ bí irin olómi náà. Bí a bá dà á sílẹ̀, a máa gbẹ sínú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹni tí ń mí i sínú kò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró gbà á, ẹ̀jẹ̀ sì gbé e lọ sí ọpọlọ. Èkejì ni mẹ́kúrì tí a ti pò mọ́ ohun mìíràn títí ó fi di ìyẹ̀fun. Èyí ni a ń fi sínú ọṣẹ àti ìpara abóra, kíndìnrín ni ó sì máa ń kọ́kọ́ bá jà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó ti bọ́ sínú omi, tí àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ẹrẹ̀ ti yí padà, tí ó sì gba ara ẹja wọ inú ènìyàn. Èyí ni ó burú jù fún ọmọ inú oyún.

II. Bí ó ti ń bó àwọ̀

Nínú awọ ara wa, Ẹlẹ́dàá fi èròjà dúdú kan sí i tí ó dàbí agbòòrùn. Òun ni kì í jẹ́ kí oòrùn jó ẹran ara wa. Ara wa ni ó ń ṣe èròjà yìí lójoojúmọ́. Iṣẹ́ tí mẹ́kúrì ń ṣe ni pé ó ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ inú awọ tí ń ṣe é, èyí tuntun kò sì lè jáde mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Nítorí náà ni awọ fi ń pọ́n. Kì í ṣe pé ìpara náà fi ẹwà kún un. Ó ya agbòòrùn rẹ̀ ni.

Ìbá sàn bí ó bá mọ sí orí awọ. Ṣùgbọ́n awọ ara kì í ṣe ògiri. Ohun tí a fi pa á ń wọlé. Mẹ́kúrì gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbé e lọ sí kíndìnrín. Kíndìnrín ni asẹ́ ara: òun ni ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí ó ń da ìdọ̀tí sínú ìtọ̀, tí ó sì ń dá ohun rere padà fún ara. Nígbà tí mẹ́kúrì bá ba ojú asẹ́ náà jẹ́, ohun rere bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìtọ̀ lọ, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sínú ara. Ojú yóò wú ní òwúrọ̀, ẹsẹ̀ yóò wú ní ìrọ̀lẹ́, ìtọ̀ yóò sì máa hó bí omi ọṣẹ.

Àwọn àmì mìíràn wà pẹ̀lú. Awọ lè máa sú, kí ó ní àbàwọ́n àti àpá, kí agbára rẹ̀ láti lé ifo àti egbò jìnnà sì dínkù. Ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè máa kú tipiri. Ẹlòmíràn a máa gbọ̀n, oorun rẹ̀ a dá, ọkàn rẹ̀ a máa bàjẹ́ láìsí ìdí, ìbínú rẹ̀ a sì yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí nǹkan bá rí báyìí, àwọn ará ilé a máa sọ pé ayé ni ó ń ṣe é. Wọn kò ní rántí wo inú àpótí tí ìpara rẹ̀ wà.

Kò sì mọ sí ara ẹni tí ń para nìkan. Ìpara náà ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ìbora, ìrọ̀rí àti aṣọ ìnura. Ọmọ ń fi ẹnu kan ọrùn ìyá rẹ̀. Mẹ́kúrì sì ń fẹ́ sínú afẹ́fẹ́ ìyẹ̀wù tí gbogbo ilé ń sùn. A ti rí i ní ilẹ̀ òkèèrè pé nígbà tí a yẹ ìtọ̀ àwọn ọmọdé wò, mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fi ìpara náà pa wọ́n rí.

III. Ohun tí ojú wa ti rí

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a so ọmọbìnrin kan pọ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Ní oṣù díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, awọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ ń yìn ín pé ara rẹ̀ ti gbọ́ ìgbéyàwó. Àwa náà, ní ìdí pẹpẹ, fi ẹ̀rín sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó rí ohun tí ń dán he. Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Wọ́n ní oyún ni, oyún kọ́. Wọ́n ní aráyé ni. Wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ wa, a sì gbàdúrà. A kò kábàámọ̀ àdúrà náà, ṣùgbọ́n a kábàámọ̀ pé a kò bi í léèrè ohunkóhun.

Oníṣègùn ni ó bi í. Lẹ́yìn tí ó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó ní, "Ìyàwó, kí ni ẹ fi ń para?" Ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà ó yọ ike kékeré kan nínú àpò rẹ̀, ike tí kò ní orúkọ. Ó jáwọ́, ó lo oògùn, wíwú náà sì lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n títí di òní, ó ṣì ń lọ fi ara rẹ̀ han oníṣègùn. A kò lè di gbogbo ẹ̀bi náà rù ú. Ìyìn wa wà nínú ike yẹn.

Kì í ṣe ìlú wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1972, àwọn oníṣègùn ní Nairobi, ní ilẹ̀ Kenya, kọ̀wé nípa àwọn àgbàlagbà tí ara wọn wú nítorí àìsàn kíndìnrín. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń lo ìpara abóra tí ó ní mẹ́kúrì. Ara púpọ̀ nínú wọn yá lẹ́yìn tí wọ́n jáwọ́. Ní ọdún 2019, obìnrin kan ní Sacramento, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lo ìpara tí a ti fi mẹ́kúrì bàjẹ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ nù, kò sì lè dá rìn mọ́. Ní ti orílẹ̀-èdè tiwa, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé kan ní ọdún 2011 pé 77 nínú 100 obìnrin wa ni ó ń lo ohun abóra. Bí a bá tilẹ̀ gé iye yìí sí méjì, ìdajì tí ó kù ṣì tó láti kún gbogbo ilé ìsìn tí ó wà nínú ìlú yìí.

IV. Ibi tí omi ìwẹ̀ ń lọ

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ara mi ni, kò kan ẹlòmíràn." Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé omi ìwẹ̀ rẹ̀ jáde. Láti balùwẹ̀ ó bọ́ sí gọ́tà, láti gọ́tà ó bọ́ sí Ògùnpa tàbí Kúdẹtì, ó sì ń bá àgbàrá lọ sí odò ńlá. Mẹ́kúrì kì í jẹrà. Ó rì sínú ẹrẹ̀, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín sì yí i padà sí èyí tí ó burú jù. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké jẹ ẹ́, ẹja kékeré jẹ wọ́n, ẹja ńlá jẹ ẹja kékeré, ènìyàn sì jẹ ẹja ńlá. Bí ó ti ń kọjá láti inú ọ̀kan sí èkejì ni ó ń pọ̀ sí i. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a yẹra fún ẹja, nítorí oúnjẹ rere ni, ti ẹja kéékèèké kò sì tó ti àwọn ńlá tí ń jẹ ẹja bíi tiwọn. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé kí a má ṣe bu májèlé sínú ìkòkò ọbẹ̀ ara wa.

Ìlú apẹja kan wà ní ilẹ̀ Japan tí ń jẹ́ Minamata. Láti ọdún 1932 títí di 1968, ilé-iṣẹ́ Chisso ń da omi ìdọ̀tí tí ó ní mẹ́kúrì sínú òkun wọn. Àwọn ológbò tí ń jẹ ẹja ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì, tí wọ́n ń yí bí ẹni ń jó. Lẹ́yìn náà ni ó kan ènìyàn: ọwọ́ ń gbọ̀n, ojú ń ṣú, ẹsẹ̀ kò lè rìn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1956 ni a kọ́kọ́ kéde àìsàn náà. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ jù ni pé àwọn ìyá kan wà tí ara wọn le, síbẹ̀ tí wọ́n bí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́ láti inú oyún.

Nítòsí wa ńkọ́? Àwọn tí ń wa wúrà pẹ̀lú ọwọ́ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà a máa da mẹ́kúrì lu iyanrìn kí ó lè kó wúrà jọ, wọn a sì fi iná sun ún kí mẹ́kúrì lè fò lọ. Nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà tí a ti ń wa wúrà, odò Ọ̀ṣun yí àwọ̀ padà. Àwọn tí wọ́n yẹ omi náà wò sọ pé òjé àti mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn ní ọdún 2022 pé kí wọ́n má ṣe mu ún.

V. Ohun tí òfin sọ

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, àwọn orílẹ̀-èdè ayé péjọ ní Kumamoto, ní agbègbè tí Minamata wà, wọ́n sì fi ọwọ́ sí àdéhùn kan láti dín mẹ́kúrì kù. A fi orúkọ Minamata pe àdéhùn náà kí a má baà gbàgbé. Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2017. Nàìjíríà gbà á wọlé ní ọdún 2018. Àdéhùn náà kọ́kọ́ sọ pé mẹ́kúrì inú ìpara kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n gíráàmù kan nínú kílò ẹgbẹ̀rún kan lọ. A sì ti rí ìpara ní ọjà ayé tí ó fi ọ̀nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ju ìwọ̀n yìí lọ. Nígbà tí wọ́n tún péjọ ní Geneva ní ọdún 2023, wọ́n pinnu pé láti ọdún 2025 lọ, kí ó má ṣe sí ọṣẹ tàbí ìpara kankan tí a fi mẹ́kúrì sí rárá. NAFDAC náà ti fi òfin de mẹ́kúrì nínú ọṣẹ àti ìpara nílẹ̀ wa.

Ṣùgbọ́n òfin kì í rìn dé Ọjà'ba fúnra rẹ̀. Ẹ rántí pé àwọn kan ní Yúróòpù ń ṣe ọṣẹ oní-mẹ́kúrì tí òfin kò jẹ́ kí wọ́n tà ní ilé wọn, tí wọ́n sì ń kó o ránṣẹ́ sí Áfíríkà, kí Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó fi òfin dí ọ̀nà náà ní ọdún 2003. Ohun tí onílé kò gbà jẹ, ṣé àlejò ni ó yẹ kí a gbé e fún?

VI. Ojúṣe ẹni tí ó mọ̀wé

A fẹ́ sọ ìtàn kan sí i, nítorí òun ni ó mú wa pe ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé sí ìpàdé yìí. Ní ọdún 1971, a kó irúgbìn àlìkámà wọ ilẹ̀ Iraq fún àwọn àgbẹ̀. A ti fi oògùn tí ó ní mẹ́kúrì pa á kí ó má baà bàjẹ́; fún gbígbìn ni, kì í ṣe fún jíjẹ. A fi aró pupa kùn ún, a sì kọ ìkìlọ̀ sí ara àpò rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Sípéènì àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, àwọn àgbẹ̀ náà kò sì gbọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Ìgbà gbígbìn ti kọjá, ebi sì ń pa wọ́n. Wọ́n fọ aró pupa náà kúrò, wọ́n rò pé májèlé bá a lọ, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi ṣe búrẹ́dì. Ó ju 6,000 ènìyàn lọ tí a gbé dé ilé ìwòsàn. 459 nínú wọn ni ó kú níbẹ̀. Ìkìlọ̀ wà, ẹni tí yóò kà á fún wọn ni kò sí.

Ẹ̀yin ará, ìkìlọ̀ wà lára ìgò ní Ọjà'ba pẹ̀lú. Ìyá tí ń ra ìpara náà lè má mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ojú fún un.

Èkínní, ẹ wo ara ìgò náà. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ bíi mercury, mercuric, mercurous, mercurio, calomel, ammoniated mercury, tàbí lẹ́tà méjì yìí, Hg, ẹ gbé e kalẹ̀.

Èkejì, bí a bá kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé kí ó má ṣe kan wúrà, fàdákà tàbí ohun ọ̀ṣọ́, ẹ gbé e kalẹ̀ kíákíá, nítorí mẹ́kúrì a máa ba wúrà jẹ́. Ohun tí kò yẹ kí ó kan òrùka ìgbéyàwó, báwo ni ó ṣe yẹ fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó?

Ẹ̀kẹta, èyí tí kò ní orúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tí kò sọ ẹni tí ó ṣe é àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ẹ má rà á. Ẹ má sì fi pa ọmọ ọwọ́ láéláé.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ó ti ń lò ó, kí ó jáwọ́ lónìí, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò. Kí ó mú ike náà dání, kí ojú má sì tì í. Oògùn wà tí oníṣègùn fi ń lé mẹ́kúrì jáde, àti pé ẹni tí ó tètè jáwọ́ ní ìrètí púpọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ju ike náà sí gọ́tà, ẹ má sì sun ún. Bákan náà ni bí gíláàsì tí a fi ń wọn ooru ara bá fọ́ nínú ilé: ẹ kó àwọn ọmọdé jáde, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, nítorí ìgbálẹ̀ yóò tú u ká. Ẹ fi páálí líle rọra kó o jọ sínú ìgò tí ó ní omi díẹ̀, ẹ dé e pinpin, kí ẹ sì bi àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ibi tí ẹ ó gbé e sí.

VII. Ọ̀rọ̀ ìparí

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù, kò sì sí ní ọwọ́ NAFDAC. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni. Kí ni ó mú ọmọbìnrin náà lọ ra ike? Ó gbọ́ ohun tí a ń yìn. Àwọn bàbá wa kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí ẹni dúdú, wọ́n pè é ní adúmáadán. Wọ́n rí ẹni pupa, wọ́n pè é ní apọ́nbéporẹ́. Wọ́n yin olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí a ti dá a, wọn kò sì sọ fún èyíkéyìí pé kí ó bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó lẹ́wà. Ọṣẹ dúdú fọ wọ́n mọ́, òrí mú ara wọn jọ̀lọ̀, wọ́n sì dàgbà di arúgbó nínú awọ tí wọ́n bá wáyé.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín, bí ẹ bá ń padà lọ sílé, ẹ kọ́kọ́ wo àpótí ara yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ti ìyá yín tí kò mọ̀wé. Bí ìyàwó tuntun bá sì tún dúró níwájú wa, tí ó dúdú, tí ó ń dán, ẹ jẹ́ kí a yìn ín sókè kí gbogbo ọmọbìnrin tí ó jókòó lẹ́yìn lè gbọ́. Kí Ọlọ́run pa ara àti ọkàn yín mọ́. Àmín.